Aṣọ Wọn Ni Mo Máa Ń Ṣọ́

Níbi tí a ti tò láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún lẹ́sìn ọlidé ní Ìkòròdú, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀kọ́ àfikún kan. Obìnrin iwájú mi mú ìlúwẹ̀ẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ wo fọ́ọ̀mù náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí kọ̀ǹpútà lọmọ yín lóun fẹ́?"

"Kọ̀ǹpútà ò ní sá lọ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà. Bàbá wa kọ́ gbogbo àwọn ọkùnrin ilé wa ní ìlúwẹ̀ẹ́. Èmi, aṣọ wọn ni mo máa ń ṣọ́."

Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́: "Aṣọ wọn ni mo máa ń ṣọ́."

Nígbà tó kàn án, ó na fọ́ọ̀mù sí akọ̀wé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè gba ìyá mọ́ ọmọ?"