Pèpéle Tí Màmá Fi Ń Sá Kòkó

Nínú takisí tó gbé wa láti Òdòdé lọ sí Aládé, obìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó tì mí, wọ́n ń jiyàn lórí pèpéle sìmẹ́ńtì tí ìyá wọn fi ń sá kòkó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ."

"Látìgbà tí Màmá ti kú, ta ló tún ń sá kòkó síbẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kọ́."

"Ṣebí ibẹ̀ lẹ ti kọ́ mi ní họ́kì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń figi gbá. Ẹ̀yin lẹ gé ẹ̀ka gúáfà tó tẹ̀ nídìí fún mi, ẹ ní kí n fọwọ́ òsì dì í mú lókè, kí tọ̀tún wà nísàlẹ̀. Ọsàn tútù la fi ṣe bọ́ọ̀lù."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Màmá á sì mú ìgbálẹ̀, á dúró síwájú kòkó. 'Bọ́ọ̀lù yín ò ní kan kòkó mi lónìí!' Kò sẹ́ni tó lè gbá a kọjá rẹ̀."

"Ẹ ṣì rò pé kòkó ló ń ṣọ́?"

"Kí ló tún fẹ́ máa ṣọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, a máa ń kó kòkó tán, pèpéle á ṣófo, Màmá á ṣì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ wá dúró de bọ́ọ̀lù wa."

Ẹ̀gbọ́n ò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ṣáà ń wí ni, "Ó máa ń dúró lóòótọ́. Tòun tìgbálẹ̀."