Bí Mo Ṣe Ba Orúkọ Bàbá Aláago Jẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi jù. Bí mo bá gbé e wọ sàárè, yóò bá mi jà níbẹ̀. Dókítà ti sọ ohun tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ mi fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nígbà tí mo ṣì lè di kálámù mú.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tó ń yẹ owó onírin àtijọ́ wò. Bí ẹ bá gbé owó wá, a ó wọ̀n ọ́n, a ó fi awò wò ó, a ó fún un ní máàkì, a ó wá sé e mọ́ inú ike tó mọ́ gaara, pẹ̀lú ìwé pélébé tó ń jẹ́rìí pé ojúlówó ni. Ohun tí àwọn oníbàárà ò mọ̀ ni pé ọ̀gá wa ń ta owó tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo ń fún àwọn owó náà ní máàkì. Ejò lọ́wọ́ nínú, mo sì mọ̀.

Bàbá kan ń tún aago ṣe lódìkejì ọ́fíìsì wa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ọ̀nà jíjìn. Ó fẹ́ fi owó àtijọ́ mẹ́fà tí bàbá tó bí i fi sílẹ̀ gba owó fàdákà kan tó wà nínú ike wa. Àgbà ni, kó tó ṣe é, ó wá bá mi. Ó ní, "Ọmọ mi, mo rí ìwé yín. Ta ló ń yẹ ẹ̀yin náà wò? Ṣé ẹni tó ń fúnni ní máàkì ò ní ọjà tiẹ̀ lórí àtẹ?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n." Òótọ́ ni, mo wọ̀n ọ́n. Owó ọ̀gá mi ni; ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì kọ iye mìíràn sílẹ̀. Ẹnu mi yìí náà!

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tó ti ṣe pàṣípààrọ̀ náà, ojú tó ti ń wo eyín aago láti ogójì ọdún rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ létí owó náà, níbi tí apá méjì rẹ̀ ti pàdé nígbà tí wọ́n rọ ọ́. Ayédèrú ni. Ó gbé e wá sórí tábìlì ọ̀gá mi, kò pariwo. Ọ̀gá ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣí ike yìí, tẹ́ ẹ pààrọ̀ tinú ẹ̀?" Èmi ni Bàbá yíjú sí. "Ọmọ mi, sọ fún un." Mo ronú iṣẹ́ mi, mo ní, "Wọ́n ti ṣí i. Owó tí mo fi síbẹ̀ kọ́ nìyí." Bàbá mú fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Èmi àtìwọ la ṣáà mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kó owó àtijọ́ jọ kò fún un lága mọ́. Ta ni yóò tún gbé aago fún ẹni tó ń pààrọ̀ ohun olóhun? Láti ojú fèrèsé wa ni mo ti ń wò ó, tó jókòó ti tábìlì òfìfo, tó ń nu awò tí kò fi wo nǹkan kan. Nígbà tó kú, ọjọ́ méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Mo lọ síbi ìsìnkú; a ò ju márùn-ún lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa forí ji bàbá wa, nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí iṣẹ́ yín." Òótọ́ wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ó ti tán, ọmọ mi. Mo ti dárí jì wọ́n." Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo padà sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ọmọ wa. Láti ìgbà náà, ohùn rédíò nìkan ló ń dá mi lóhùn nínú ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó fi tiyín gba ti ẹlòmíràn, ẹ wádìí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tó kọ ìwé náà, kí ẹ sì gbé owó náà fún ẹni tí kò ní jèrè kankan níbẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwọ ọmọ Bàbá Aláago, ìwọ ni mo kọ́kọ́ fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí. Bàbá rẹ ò pààrọ̀ nǹkan kan. Bí o kò bá lè dárí jì mí, n ò ní bínú. Àforíjì tí o tọrọ lọ́wọ́ mi lójú oórì wọn, èmi ló yẹ kí n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.