Àìsàn Tó Ń Dúró Dè Mí Nílé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dìde dúró láàárín yín lónìí. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí ìyá Bùnmi ti kú, èmi nìkan ló kù nínú ilé wa níbí ní Òyè.

Bí òjò ọdún yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ìgbẹ́ gbuuru ni, ara mi a sì máa gbóná. Mo lo oògùn, ó lọ, ó tún padà. Mo wá lọ sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìsàn, ara mi sì yá. Mo padà wálé, àìsàn tún dé. Mo tún lọ sí Ìsàn, ara tún yá. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé yẹn ló ń lé mi, kí n tà á, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èmi náà fẹ́ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ilé yẹn ni mo sin ìyàwó mi sí. Ṣé kí n tà á pẹ̀lú ilé ni?

Alàgbà tó ń darí ẹgbẹ́ afàdúràjagun wa kó wọn wá. Ó ní ẹ̀mí àìrí kan ti tẹ̀dó síbẹ̀, kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí n má fi omi kan ẹnu rárá. Mo ṣe é. Ẹ̀yin ará, ìgbẹ́ náà dá! Mo ti ń múra ẹ̀rí. Lọ́jọ́ tí a ṣínu, mo fa omi kànga mi, mo mu ún yó, mo bu fún Alàgbà náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, àìsàn ti padà. Alàgbà pàápàá ò lè wá sí ìsìn. Ó ní ẹ̀mí náà bá òun jà délé. Ẹ wò ó, Alàgbà ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn.

Orí mi dàrú. Ṣé Ọlọ́run gbọ́ ni, tó tún yí ọkàn padà? Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyàwó mi, mo ní, "Olúwa, bí o bá fẹ́ kí n kúrò níbí, sọ fún mi. Bí o ò bá fẹ́, jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe mí."

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ọmọbìnrin kan gbé ike wá, ó tọrọ omi kànga mi. Enẹ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Benue, ó ń gbé ní họ́stẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fẹ́ fi omi náà ṣe àyẹ̀wò ní yunifásítì. Nígbà tó padà dé, kò rẹ́rìn-ín.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu omi yìí mọ́."

Mo bi í pé ṣebí omi yìí ni gbogbo họ́stẹ́ẹ̀lì wọn ń pọn.

"A fi ń wẹ̀ ni, Daddy. Pure water la máa ń mu."

Ó ní kòkòrò tí ojú ò lè rí ló wà nínú rẹ̀, láti inú ihò ìgbọ̀nsẹ̀ wọn lẹ́yìn ògiri mi, pé òjò ló ń fà á wọnú kànga. Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù, bí wọ́n ṣe hù tótòtó nínú àwo kékeré.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá dàrú mọ́ mi lójú. Alàgbà ní ohun àìrí, ọmọ yìí náà ní ohun àìrí. Omi mìíràn ni mo ń mu ní Ìsàn. Nínú ààwẹ̀, n ò mu omi rárá. Mo lọ gba ìtọ́jú ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í se omi kí n tó mu ún. Onílé họ́stẹ́ẹ̀lì ti gbà láti gbé ihò náà kúrò. Inú mi ò run mọ́.

Ṣé àdúrà ni àbí omi sísè? Bí ẹ bá bi mí, n ò mọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ àjèjì sì gbé ike wọlé wá. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn. Ilé mi ni mo ti jí láàárọ̀ yìí, n ò sì lọ síbì kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá pọnmi lọ́dọ̀ mi, ẹ sè é kó hó dáadáa. Ọlọ́run ló ni ọpẹ́. Ẹ bá mi yọ̀. Mo gbé omi wá, ó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Alàgbà, mo sè é.