Ẹ Ní Kí Landry Jáde Wá Ṣa Búlọ́ọ̀nù Rẹ̀

Búlọ́ọ̀nù kan, Ìyá Landry! Búlọ́ọ̀nù kan péré ni mo lọ rà lọ́wọ́ ọmọ yín láàárọ̀ òní, mi ò tọrọ, mi ò ní kó yá mi, búlọ́ọ̀nù tí ń de ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí à ń fi bàtà tẹ̀ mọ́ irin àárín, èyí tó já bọ́ lánàá lọ́nà Boni, tí mo wá a nínú iyanrìn títí tí mi ò rí i, òun ni mo lọ rà, torí pé òní gan-an ni mo nílò rẹ̀, kì í ṣe ọ̀la, òní! Ẹ wo ara mi. Ẹ wo orúnkún mi. Ẹ wo ìró mi bó ṣe ya. Ṣé bí ẹni tó lọ ra búlọ́ọ̀nù ṣe ń rí nìyí?

Rárá o, mi ò mu omi. Ẹ ṣeun, ẹ gbé omi yín padà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí láti kékeré, tí ẹ ń pè mí ní Awawou ọmọ mi, ṣùgbọ́n omi ilé tí Landry bá wà kò ní í gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Ẹ fi abọ́ yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò wúwo, ẹ má ṣí gèlè tí mo fi bò ó, ẹ ó rí ohun tó wà níbẹ̀ tó bá yá. Ó wà nínú yàrá yẹn. Ẹ má sọ pé kò sí! Bàtà rẹ̀ rèé lẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbọ́ nígbà tó fi irin há ilẹ̀kùn. Kó máa gbọ́. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń pariwo.

Ṣé ẹ mọ Màdáàmù Fọláṣadé, olùkọ́ kọlẹ́ẹ̀jì tí ìjọba gbé wá síbí láti ìhà Kétu? Òun ló ní kí n bá òun wá wàgàsì, wàrà pupa àwọn Fúlàní, kún agbọ̀n ńlá, pé òun ń relé lónìí, ìgbéyàwó àbúrò òun ni, gbogbo ẹbí ni yóò wà níbẹ̀, pé bó bá dùn mọ́ wọn lẹ́nu, ọwọ́ mi ni òun yóò ti máa rà á fún wọn ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń lọ. Ìyá Landry, ẹ mọ bí mo ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn lọ sí gáà àwọn Fúlàní, nínú oòrùn, nínú òjò, tí mo ń padà wá dúró lẹ́bàá títì tí mo ń ta wàgàsì lẹ́yọ lẹ́yọ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀, tí òmíràn á gba tọwọ́ mi, tí ọkọ̀ á ṣí, tí màá máa sáré tẹ̀ lé e. Èyí ni oníbàárà gidi tí mo kọ́kọ́ ní láyé mi. Ó sì ní kí ọ̀sán tó pọ́n ni ọkọ̀ òun yóò gbéra.

Ni mo bá lọ bá Landry ní ìsọ̀ rẹ̀ tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe. Bí a ṣe ń ra búlọ́ọ̀nù, gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló mọ̀ ọ́n: èyí tó kù ní ẹsẹ̀ kejì là ń tú dání. Ẹni tó bá ní òun fi ojú mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa. A ó fi eyín ti àtijọ́, ìlà wẹ́wẹ́ tó yí i lára, kan eyín tuntun, a ó gbé méjèèjì sókè sí oòrùn, bí wọ́n bá wọnú ara wọn tí ìmọ́lẹ̀ kò là wọ́n láàárín, ìbejì ni wọ́n, ẹ rà á. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti là á, kí onítọ̀hún gbé e padà, bó tilẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Èmi ni mo ń tú kẹ̀kẹ́ mi, èmi ni mo ń tò ó, ó ti gé mi lọ́wọ́, ó ti ká èékánná mi kúrò, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo fi búlọ́ọ̀nù mi lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Awawou, fi í sílẹ̀, jẹ́ kí n tú páànù búlọ́ọ̀nù mi wò dáadáa, ìwọ lọ mójú tó wàgàsì rẹ kó má lọ kan." Ó ń rẹ́rìn-ín o! Ó béèrè ibi tí mò ń kánjú lọ. Èmi òmùgọ̀, mo sọ fún un. Mo dárúkọ Màdáàmù, mo sọ nípa wàgàsì, mo sọ pé ọkọ̀ fẹ́ lọ, gbogbo rẹ̀ ni mo tò sílẹ̀ fún un bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

Ìgbà tí mo padà dé, búlọ́ọ̀nù méjì ló nà sí mi, tuntun, wọ́n ń kọ mànà. Mo ní tèmi dà? Ó ní eyín rẹ̀ ti jẹ, òun ti jù ú nù, pé òun fún mi ní méjì kí apá méjèèjì lè bára mu, ọ̀fẹ́ ni ìkejì. Ọ̀fẹ́! Mo wo eyín wọn, mo ní Landry, eyín èyí fẹ̀ jù, ó jọ ti alùpùpù. Ẹ mọ ohun tí ọmọ yín wí? Ó ní, "Awawou, búlọ́ọ̀nù ni búlọ́ọ̀nù. Ṣebí irin ni gbogbo wọn?"

Irin ni gbogbo wọn! Ṣé torí pé ilẹ̀kùn ni gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ ó wọlé onílé lọ sùn?

Búlọ́ọ̀nù kẹ̀kẹ́, ọwọ́ là ń kọ́kọ́ fi yí i. Ìka méjì, Ìyá Landry! Bó bá jẹ́ tirẹ̀, jẹ́jẹ́ ni yóò máa wọlé fúnra rẹ̀, ìgbà tó bá jókòó tán lèèyàn tó ń mú kíléè tó fi ń dè é le. Ọmọ yín kò fi ìka kàn án. Kíléè ló kọ́kọ́ gbé, kíléè kò tó o, ó ki páìpù bọ ìdí kíléè, ó gbé gbogbo ara lé e, irin ń ké, mo ní dúró, ó ní ó le torí pé tuntun ni. Apá òsì, ó tún lọ sí apá ọ̀tún. Mo wo oòrùn, mo wo agbọ̀n mi, mo jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun kí Màdáàmù!

Mi ò tíì kọjá ojú irin rélùwéè tán. Ẹ mọ ibi tí ó ti gé ọ̀nà, tí àwọn onízémì tó ń fi alùpùpù gbé èrò ń dúró sí lábẹ́ igi? Iwájú gbogbo wọn ni. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ òsì kọ́kọ́ mì, mo ní kí ló dé, ó sì yọ pátápátá lábẹ́ bàtà mi. Mo ṣubú lé irin. Agbọ̀n dànù. Wàgàsì mi, pupa rúsúrúsú, tí mo tò bí ẹyin, ń yí lọ lórí òkúta ojú irin lọ́kọ̀ọ̀kan, ewúrẹ́ kan sì dúró tì í, ó ń yàn. Ọ̀kan nínú àwọn onízémì pariwo pé, "Ẹ wá wò ó, wàgàsì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Kútọ̀nù!" Gbogbo wọn fi ẹ̀rín bo ibẹ̀.

Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Mo rí yín, ẹ má fọwọ́ bo ẹnu.

Mo ṣa èyí tó ṣeé ṣa, mo bu omi fọ̀ ọ́, mo gbé e lórí, mo fi orúnkún yìí sáré. Mo dé ẹnu ọ̀nà Màdáàmù, ta ni mo bá? Brigitte! Brigitte tó ń ta wàgàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ gáà rí, tó ń ra èyí tó ti sùn lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Agbọ̀n rẹ̀ ti ṣófo. Wọ́n ti di ọjà rẹ̀ sínú ọkọ̀. Màdáàmù wò mí, ó wo iyanrìn ara wàgàsì mi, ó ní, "Awawou, mo retí rẹ títí, Ọlọ́run ló bá mi rán Brigitte wá." Ọlọ́run kẹ̀? Ìgbà wo ni Ọlọ́run ń jẹ́ Landry?

Mo bojú wolẹ̀ kí wọ́n má rí omi lójú mi. Ibi tí mo bojú wò yẹn, kẹ̀kẹ́ Brigitte ni, ara ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí búlọ́ọ̀nù mi. Búlọ́ọ̀nù mi tí Landry ní òun ti jù nù!

Báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n? Ìbéèrè tó dáa lẹ bi mí. Gbogbo búlọ́ọ̀nù kẹ̀kẹ́ mi ni mo ń fi ọ̀dà èékánná kùn léyín kí n tó dè wọ́n, torí bó bá gbẹ, kì í jẹ́ kí wọ́n tú fúnra wọn, mo sì ń kán an sí wọn lórí kí n lè mọ èyí tí mo ti kùn. Àwọ̀ àlùkò tí ẹ̀gbọ́n mi Àdìjá rà bọ̀ láti Kútọ̀nù ni, kò sẹ́ni tó ní i níbí. Èyí tó já bọ́ lánàá, ọ̀dà ló tán kí n tó kàn án. Ẹ wo èékánná mi. Ẹ wá wo orí búlọ́ọ̀nù yìí. Ṣé àwọ̀ kan náà kọ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kíléè kì í kúrò lápò mi, mo tú u. Brigitte ní, "Kí lò ń ṣe sí kẹ̀kẹ́ mi?" Mo ní mò ń mú ohun tí í ṣe tèmi. Ó ní Landry ló bá òun dè é láàárọ̀, pé kẹ̀kẹ́ òun ti wà nílẹ̀ láti ìjọ́sí torí búlọ́ọ̀nù yẹn, eléyín wẹ́wẹ́, tí kò sí níbì kankan àfi lára àwọn kẹ̀kẹ́ àlòkù tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù, pé Landry ní òun ti wá a rí fún un, kó yára gbé wàgàsì lọ sílé Màdáàmù Fọláṣadé. Ó ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tí wọ́n ra aṣọ fún! Ó mọ̀ o, kò mọ̀ o, kò kàn mí. Landry mọ̀. Landry tó ti ń lé e láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń fọ alùpùpù lójoojúmọ́ torí tirẹ̀, tí kò rí nǹkan kan fi fẹ́ obìnrin àfi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi!

Ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá dè, kó máa tú! Bó bá de ẹrù, kó tú sójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àna, kí ìgbànú rẹ̀ já! Kí bọ́tìnnì rẹ̀ já tẹ̀ lé e!

Ẹ ní kí n má ṣépè, pé ọmọ yín ni. Mo mọ̀ pé ọmọ yín ni. Ìdí tí mo fi wá síbí nìyẹn, tí mi ò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ ní ṣebí búlọ́ọ̀nù ti padà sọ́wọ́ mi? Ó padà, ibo ni kí n fi sí? Irin àárín kẹ̀kẹ́ mi, tí ọmọ yín fi páìpù ti búlọ́ọ̀nù alùpùpù bọ̀, gbogbo eyín inú rẹ̀ ti jẹ tán, lápá òsì, lápá ọ̀tún. Búlọ́ọ̀nù wà, ihò rẹ̀ kò sí mọ́. Màdáàmù sì ti lọ, wàgàsì Brigitte ni àna rẹ̀ ń jẹ.

Ó dáa, mo gbọ́, màá jókòó, ẹsẹ̀ ń dùn mí lóòótọ́.

Yéè! Ìyá Landry, àga yín ń mì! Ta ló dè é? Ẹ dákẹ́, ẹ má sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n wo ìdí rẹ̀. Búlọ́ọ̀nù rẹ̀ gùn jù, Landry fi ìdérí ìgò dí i! Ẹ̀yin tí ẹ bí i! Wàláhì, ẹ̀rín á pa mí lónìí. Ẹ̀yin náà, orí búlọ́ọ̀nù-ni-búlọ́ọ̀nù lẹ jókòó sí láti ọjọ́ yìí!

Ó tó. Ẹ yọjú síta. Ẹ wo alùpùpù rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, èyí tó fẹ́ fi gbé Brigitte lọ síbi ìnáwó ní Boni nírọ̀lẹ́ yìí, gbogbo ọjà ló ti gbọ́. Ó dúró dáadáa, àbí? Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ má tilẹ̀ sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Brigitte ti fi fóònù pè é pé mò ń bọ̀, ó sá kúrò ní ìsọ̀ wá sílé, kò ti ilẹ̀kùn ibẹ̀, ó rí mi níbí, ó tún sá wọ yàrá. Ẹ̀yin wà lẹ́yìnkùlé nígbà yẹn, ẹ ń sá gbágùúdá. Kí n tó pè yín, mo ti tú búlọ́ọ̀nù alùpùpù náà. Ti gídọ̀nù tó fi ń darí rẹ̀, ti táyà iwájú, ti ẹ̀yìn, ti ìjókòó tó nù fún Brigitte. Mi ò jí ọ̀kankan, mi ò ju ọ̀kankan nù. Gbogbo wọn ló wà nínú abọ́ yìí. Ẹ wá ṣí gèlè wò báyìí. Wọ́n pọ̀, àbí? Kí n tó dé ibí, mo ti gba ìsọ̀ rẹ̀ kọjá, mo gbé páànù tó ń da búlọ́ọ̀nù gbogbo pọ̀ sí wá, mo yí i lé wọn lórí, mo sì fi ọwọ́ rò ó pọ̀ bí ìrẹsì àti ẹ̀wà.

Irin ni gbogbo wọn, Landry! Jáde wá ṣa tìrẹ! Máa fi ojú mọ̀ ọ́n! Bí o bá ṣì í ṣa, Brigitte ló máa jókòó lé e!

Ẹ gbọ́? Fóònù rẹ̀ ló ń dún nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni yẹn. Gbà á, Landry, ó ti wọṣọ tán, ó ń dúró dè ọ́!

Ohun tí mo fẹ́ rèé, Ìyá Landry, ẹ bá mi sọ ọ́ sétí ilẹ̀kùn yẹn. Kó lọ wá irin àárín tuntun fún kẹ̀kẹ́ mi. Kó gbé e lọ síbi ojú irin, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àwọn onízémì, kó fi sí i, ìka ni kó fi yí búlọ́ọ̀nù mi wọlé kó tó fọwọ́ kan kíléè. Bí Màdáàmù bá ti dé láti Kétu, kó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un ohun tó ṣe, èmi yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí n gbọ́. Bó bá ti ṣe ìyẹn, màá bá a ṣa búlọ́ọ̀nù rẹ̀, torí èmi mọ èyí tó jẹ́ ti táyà. Bí kò bá ṣe é, kó máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ fẹ́ obìnrin.

Kẹ̀kẹ́ mi wà lẹ́bàá ojú irin, kò ní ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Brigitte wà lẹ́nu ọ̀nà Màdáàmù, ẹsẹ̀ kan ló ní. Alùpùpù Landry wà lábẹ́ máńgòrò, kò ní búlọ́ọ̀nù lára. Abọ́ wà lórí itan mi, èmi wà lórí àga tó ń mì yìí. Mi ò kánjú mọ́.