Nwakaego, Tí Mo Fagi Lé Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Alága wa, Alàgbà Akínsànyà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama yìí, Arábìnrin Ebere. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó fẹ̀yìn tì lónìí, ẹ gbọ́ èyí: lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, mo fagi lé ọ̀rọ̀ tó tọ́, mo sì fi ẹ̀bùn ẹni tó kọ ọ́ dù ú.

Nwakaego, ọmọ Marine Beach, ló kọ àròkọ tó dára jù lọ́dún náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “I was the first to give in my work.” Mo fagi lé ‘give in’, mo kà á sétí kíláàsì, mo ní, “Ẹni tó kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀ ló tún ń yangàn yìí.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kó tó dalẹ́, Ajégúnlẹ̀ ti sọ ọ́ ní Sista Give-In. Mo ní kò sẹ́ni tí ẹ̀bùn tọ́ sí, mo sì ti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí à bá fi ta á lọ́rẹ mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Linus tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, òun ló ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún yẹn, ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé, “Ọ̀gá Ọláìtán, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná.”

Mo ní, “Ṣé tíṣà ìṣirò ló fẹ́ kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì?”

Ó ní, “Rárá o. Ìwé atúmọ̀ ni.”

Mo ṣí ìwé náà láti fi dójú tì í. Ojú tèmi ló tì. Bí ‘give in’ ṣe jẹ́ kéèyàn gbà nígbà tí wọ́n bá fúngun mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ kéèyàn kó iṣẹ́ rẹ̀ fún olùkọ́. Ṣé mo jẹ́wọ́? Èmi tí mo ń kọ́ yín pé ‘give up’ ni kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ìrètí nù, pé ‘give way’ ni kí kẹ̀kẹ́ yà fún tírélà, mi ò lè sọ fún ọmọdé pé mo ṣì í. Mo pa ìwé dé. Linus, o mọ̀, o ò sì fi mí ṣẹ̀sín. O ṣé.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́dún tó kọjá, ní Creek Road, mo rí tírélà kan tí wọ́n kọ ‘No Give In’ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀. Mo bi awakọ̀ pé ta ló ni ín. Ó ní, “Na Madam Nwakaego, Baba. She get six.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ tí mo fọ̀rọ̀ gún ti sọ ẹ̀gún náà di àsíá. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó kù, Ọlọ́run á fún yín ní akẹ́kọ̀ọ́ tó máa jù yín lọ, á sì fún yín ní ọkàn tó lè gbà bẹ́ẹ̀. Ilé yìí ò ní tú. Ajégúnlẹ̀ á gbè yín.

Nwakaego, máa bọ̀ níwájú. Ẹ gbọ́ ohun tó ń bi mí: “Tíṣà, èwo lẹ ń ṣe nínú ‘give in’ méjèèjì?”

Méjèèjì ni, ọmọ mi. Mo juwọ́ sílẹ̀. Ìwé atúmọ̀ rẹ ọjọ́sí nìyí, gbà.

Gbogbo yín pátá, ẹ ṣé o.