Àwọ̀ Aró Nínú Kẹ̀lẹ̀bẹ̀

"Àìná, jókòó. Òní ni mo máa sọ òótọ́ tí mo fi pamọ́. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè."

Véronique ló sọ bẹ́ẹ̀, lórí ẹní, n'Ifangni. Àìsàn inú ti jẹ ẹ́ ku egungun. Àìná, tó ti Igolo wá kí i, rò pé ó kàn fẹ́ dágbére ni.

"Àyànbánjọ ọkọ ẹ, ọwọ́ mi ló kú sí."

Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí Révolution ìjọba ológun gbóná, tí gbogbo èèyàn ń pe ara wọn ní camarade, Véronique ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Àyànbánjọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkùnrin náà, kò lè gbé nǹkan mì mọ́. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n tì bọ imú rẹ̀ dé ikùn ni wọ́n fi ń da ògì sí i nínú. Dókítà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé orí rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì po omi aláwọ̀ aró díẹ̀ mọ́ ògì náà. "Bí ẹ bá rí àwọ̀ yìí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró loúnjẹ ń gbà lọ. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ pè mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìwọ́de wà. Délégué, aṣojú ìjọba ládùúgbò, ń kọ orúkọ ẹni tí kò bá wá. Nínú ìkánjú, Véronique kò gbé orí aláìsàn sókè, ó rọ ògì náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án, Àyànbánjọ ń húkọ́, àyà rẹ̀ ń hó bí ìkòkò. Ó fi aṣọ nù ún lẹ́nu. Àwọ̀ aró ló rí!

"Ṣe ni mo fọ aṣọ náà," ló wí fún Àìná. "Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ìṣòro. Ìkà ni mí! Kí ẹnikẹ́ni má baà fura, mo tún da ògì ọ̀sán sí i."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Àyànbánjọ fi kú. Nígbà tí dókítà béèrè, Véronique nàka sí Àìná: "Ìyàwó rẹ̀ ló fún un lóúnjẹ lẹ́nu." Ọjọ́ náà gan-an ni Sàlámì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, lé Àìná kúrò nílé wọn ní Banigbé, kò jẹ́ kó bá wọn sin ọkọ rẹ̀.

Àìná ní, "Omi ni mo fi pa á létè, Táǹtí. Omi lásán. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi gbà pé èmi ni mo pa á."

"Foríjì mí."

"Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Ẹ wá sọ ọ́ lójú Sàlámì."

Wọ́n tẹ́ ẹ sínú taxi, ó di Banigbé. Véronique tún gbogbo rẹ̀ sọ, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó parí, Sàlámì ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin tó ti lé jáde. "Ìyàwó wa, a ṣẹ̀ ọ́."

Àìná ní, "Ibo lẹ sin ọkọ mi sí?"