Erùpẹ̀ Inú Pósí Màmá Aníwúrà

Ó tó gẹ́ẹ́. Bí mo bá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, á há mi lọ́fun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, àti ẹ̀yin Àǹtí Dora, ọmọ Màmá Aníwúrà ní Sápẹ́lẹ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi Ọládipọ̀.

Gbogbo Òkìtìpupa ló mọ̀ mí. Irọ́ ni, ojúlé márùn-ún péré ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi tóbi. Ẹnu yẹn ni pásítọ̀ rí tó fi ní kí n mú Màmá Aníwúrà rìn káàkiri ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n ti Sápẹ́lẹ́ dé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Màmá nígbà tí ìyá wọn kú níbí, tí ẹbí sì gbé wọn lọ. Wọ́n ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n wá rí: sàréè ìyá wọn. Mo ní ká gun ọ̀kadà. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ẹsẹ̀ ni ìyá mi fi rin ìlú yìí. Jẹ́ ká rìn."

Bí a ṣe ń rìn ni mò ń tú irọ́ sílẹ̀. Mo ní ọba mọ́kànlélógún ló ti jókòó lábẹ́ igi kan. Èmi gan-an ò mọ orúkọ igi ọ̀hún. Mo nawọ́ sí afárá kékeré kan, mo ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ló kọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Màmá ń rẹ́rìn-ín: "Ọmọ yìí, ìwọ gan-an ni ìwé ìtàn!" Orí mi wú. Nígbà tí wọ́n wá béèrè sàréè, ṣebí kí n kàn sọ pé mi ò mọ̀. Ẹnu mi kọ̀. Mo mú wọn lọ sẹ́yìn ahoro ilé kan, mo nawọ́ sí kọnkéré pẹlẹbẹ tí koríko ti bò. "Màmá, ibí ni wọ́n wà."

Sọ́kàwéè ni. Ihò ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tó gbé ilé yẹn rí. Mo sì mọ̀.

Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. "Ìyá mi, Aníwúrà dé o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́." Wọ́n bu erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú áńkáṣífì, wọ́n so ó. "Bí mo bá kú, àyà mi ni kí wọ́n gbé èyí lé." Èmi abẹnu-bí-ihò yìí, mo ní, "Àmín, Màmá."

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń fọ́nnu nídìí abọ́ pupuru nílé, ni Bàbá Àjíṣafẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko Erinje dé, bá gbójú sókè. "Ìyá Aníwúrà kẹ̀? Ṣebí inú ilé wa níbí ni wọ́n háyà yàrá sí, ẹ̀yìnkùlé wa náà ni wọ́n sin wọ́n sí, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Bàbá mi ló gbẹ́lẹ̀ ọ̀hún. Ṣé ibẹ̀ lo mú wọn lọ?"

Mo ní, "Ibẹ̀ náà ni, Bàbá."

Igi tí mo ti ń gùn láti kékeré! Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Màmá tó máa wọkọ̀. Mo láǹfààní láti sáré bá wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yìn mí lójú gbogbo ìjọ kí n tó wálé, mi ò fẹ́ kí ìyìn yẹn bọ́. Mo jẹ pupuru mi tán, mo sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Dora, ẹ pè mí: "Ọládipọ̀, Màmá ti sùn. A sin wọ́n lánàá. A gbé erùpẹ̀ ìyá wọn lé wọn láyà. Ọlọ́run á bù kún ẹ." Láti ọjọ́ náà, ìbùkún yẹn ń rùn sí mi nímú.

Àǹtí, mo ti ro abẹ́ igi àgbálùmọ̀ náà. Mo ti bu erùpẹ̀ ibẹ̀ sínú ike. Ẹsẹ̀ ni màá fi rìn gbé e wá fún yín ní Sápẹ́lẹ́. Irọ́ tún nìyẹn, ọkọ̀ ni màá wọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kúnlẹ̀, kí n dà á sórí sàréè Màmá. Lẹ́yìn náà, bó bá wù yín, ẹ dárí jì mí. Bí kò bá wù yín, ẹ gbá mi létí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́ ẹnu yín ní "mi ò mọ̀". Tèmi kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá arúgbó kan sì gbé ẹ̀gbin wọlẹ̀ lọ láyà.